Ẹ̀bẹ̀ Tí Bàbá Aláago Bẹ̀

Nígbà náà, Bàbá Aláago ṣì wà láyé. Ìyá Aránṣọ wà, eyín rẹ̀ pé sẹ́nu, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń dé ojúlé kẹta kí òun fúnra rẹ̀ tó yọjú. Oníwúrà wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìkòríta, ó ń nu gíláàsì bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Lọ́yà tí gbogbo ìlú ń pè ní Túwọnsílẹ̀ ṣì ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí kóòtù, báàgì aláwọ ń lù ú nítan. Gbogbo wọn ti lọ báyìí. Àwọn tó kù ni Ìyá Alágbàfọ̀ àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, àti aago gíga kan tó fẹ̀yìn ti ògiri.

Ìyá Alágbàfọ̀ ló ń fọ aṣọ àdúgbò, òun náà ló ń lọ̀ ọ́. Yàrá méjì ló ní. Nínú ọ̀kan ni wọ́n ń sùn. Nínú èkejì, tábìlì ìlọṣọ ni ọba, ènìyàn á sì tẹ̀ kó tó kọjá lábẹ́ aṣọ tó rọ̀ sórí okùn. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà ni, ti kú tipẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ló tẹ̀ ẹ́ pa lẹ́bàá títì níbi tó ti ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Jẹ́jẹ́ ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù, lọ́yà kan dìde, ó sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń gbàdúrà, wọ́n sì ní kí awakọ̀ máa lọ sílé. Túwọnsílẹ̀ ni lọ́yà náà. Ìyá Alágbàfọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà kóòtù lọ́jọ́ yẹn, ó ní ẹsẹ̀ òun ò ní tẹ òpópónà tí ọkùnrin náà ń gbé títí òun á fi kú. Ó sì mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Bí ó bá ń gbé aṣọ lọ fún oníbàárà tó wà ní òdìkejì, yóò yí gba ẹ̀yìn ilé ìwé, yóò gun òkè, yóò tún sọ̀kalẹ̀, ẹrù lórí, òógùn lójú.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, Bàbá Aláago, ló gba ọmọ mọ́ra. Aago ló ń tún ṣe, kò sì bímọ. Ìyàwó rẹ̀ ṣàìsàn ọlọ́jọ́ gbọọrọ kó tó kú, ohunkóhun tó bá ń dán nínú ilé wọn pátá ni wọ́n tà fi tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, Jẹ́jẹ́ ló kù ú kù. Òun ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń gbé e kọ́rùn lọ sílé ìwé, òun náà ló wá ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ gígé. Bí wọ́n bá bi ọmọ náà pé ta ni bàbá rẹ, ilé Aláago ló máa ń nàka sí.

Jẹ́jẹ́ dàgbà di ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ kì í kọjá ibi tó jókòó sí. Abẹ́ agbòòrùn kan nítòsí ìkòríta ló ti ń gé kọ́kọ́rọ́, òun nìkan ló sì ń ṣe é nílùú. Ó ní òfin kan: gbé ojúlówó kọ́kọ́rọ́ rẹ wá kí ó wò ó gé. Ẹni tó bá gbé ọṣẹ wá, tó ti tẹ kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọṣẹ kó lè rí àmì rẹ̀, á bá ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Ó máa ń sọ pé kọ́kọ́rọ́ tó bá ti inú ọṣẹ wá, olè ló bí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Bàbá Aláago wá sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Alágbàfọ̀, ó ní kó fún òun ní ọṣẹ ìfọṣọ. Obìnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù nàró, ó wò ó látòkè délẹ̀.

"Bàbá, odindi ọṣẹ kẹ̀? Ẹ̀wù yín tó ń rí omi lẹ́ẹ̀kan lóṣù? Àbí ògiri lẹ fẹ́ fọ̀?"

"Ìyàwó wa, ẹnu rẹ mú ju áyọ́ọ̀nù rẹ lọ," ni bàbá náà wí. Ó gba ọṣẹ, ó sì lọ. Ìyá Aránṣọ tó jókòó nítòsí rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ìyá Aránṣọ sáré wọlé láàárọ̀, kò wọ bàtà, tépù ìwọnṣọ rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Ó ní wọ́n ti kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́. Ìyá Alágbàfọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọ̀kan nínú àpárá rẹ̀ ni. Ó wá wo ojú rẹ̀, kò rí àpárá níbẹ̀. Òórùn aṣọ tó ń jóná ló ta á jí: áyọ́ọ̀nù wà lórí ṣòkòtò oníbàárà, ó ti jó o lu dé tábìlì. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó jáde. Ìyá Aránṣọ ló padà lọ gbé e kúrò kí ilé má baà jó.

Ohun tí wọ́n gbọ́ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá ni pé olè ti kó ṣọ́ọ̀bù Oníwúrà, ó ku gíláàsì òfìfo. Wọn ò fọ́ ilẹ̀kùn, wọn ò sì já àgádágodo. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i. Ta ló ń gé kọ́kọ́rọ́ nílùú? Oníwúrà fúnra rẹ̀ tún rántí pé òun ti gé kọ́kọ́rọ́ kan lọ́dọ̀ ọmọ náà rí. Jẹ́jẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn káńtà. Ó gbójú sókè wo ìyá rẹ̀. "Màmá, n kò wọ ibẹ̀." Ìyẹn nìkan ló sọ.

Bàbá Aláago dé lẹ́yìn wọn. Ó dúró, ó gbọ́ ohun tí ọ̀gá ọlọ́pàá ń sọ dé ibi ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí sìmẹ́ńtì, ó fi àyà lélẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀. Fìlà rẹ̀ yí gbiiri lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì.

"Ẹ ṣàánú wa," ló ń wí. "Ẹ forí jì wá. Èmi ni kẹ́ ẹ mú. Èmi ni kẹ́ ẹ tì mọ́lé, ẹ fi ọmọ sílẹ̀."

"Bàbá, ẹ dìde," ni ọ̀gá ọlọ́pàá wí, inú rere ló fi sọ ọ́. "Gbogbo òbí tó bá wá síbí ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

Kò dìde. Ìyá Alágbàfọ̀ náà bá kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ tábìlì mú, ó ń bẹ̀bẹ̀. Jẹ́jẹ́ ń wo ẹni tó wẹ̀ fún un, tó gbé e kọ́rùn, tó ń jẹ eruku níwájú àwọn ọmọdé ọlọ́pàá. Ó rọra dìde níbi tó wà, ó jáde síwájú káńtà pẹ̀lú ìdè lọ́wọ́, ó na ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà, èjìká kan èjìká, ó ní kí wọ́n má bínú. Ọ̀gá ọlọ́pàá ń kọ nǹkan. Wọ́n rò pé àánú ló ń kọ.

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, ọkàn wọn tiẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Wọ́n ti bẹ̀bẹ̀, wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ̀bẹ̀ kì í sì í pa ẹni. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé ọmọ lọ síwájú adájọ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá dìde, ó kà á jáde: ẹbí ọ̀daràn ti dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì, ọ̀daràn fúnra rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀, ó ti bẹ̀bẹ̀, ó gbà pé òun ṣe é. Adájọ́ ní kí wọ́n lọ fi í sí ọgbà ẹ̀wọ̀n títí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Ìyá Alágbàfọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó yí ojú wo ẹni tí wọ́n ń bá wí, ó rò pé ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ. Ìyá Aránṣọ ló fà á lápá pé kó dìde, ó ti tán.

Bàbá Aláago ní ó kù sọ́wọ́ òun. Ó ní òun á tún lọ bẹ Oníwúrà. Ìyá Aránṣọ ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ fi ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ ná. Ẹ ti bẹ̀bẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n. Lọ́yà la fẹ́."

Wọ́n kọ́kọ́ tọ lọ́yà kan tí Ìyá Alágbàfọ̀ ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ. Ilé rẹ̀ ga, àga rẹ̀ ń gbé ènìyàn mì. Obìnrin náà rò pé lọ́yà ni lọ́yà, pé ẹni tó bá ti wọ ẹ̀wù dúdú àwọn lọ́yà, gbogbo ẹjọ́ ló ń rò. Ọkùnrin náà fetí sílẹ̀, kò sì pẹ̀gàn wọn. Ó ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ilé lòun mọ̀, òun ò tíì dúró ti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn láti ìgbà tóun ti gbàwé. Ó ní tí eyín bá ń ro ènìyàn, kì í lọ bá oníṣègùn ojú. Ó wá ní ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nítòsí, tó bá sì jẹ́ ọmọ tòun ni wọ́n mú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lòun á sáré lọ. Ìyá Alágbàfọ̀ ti mọ orúkọ tó ń bọ̀ kó tó là á lẹ́nu. Ó bẹ́ dìde. Ó ní kò burú, ṣẹ́ẹ̀tì wọn á dé lọ́jọ́ tó yẹ.

Wọ́n bọ́ sí ẹnu ọ̀nà kóòtù. Abẹ́ igi níbẹ̀ ni wọ́n ti rí ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù dúdú àwọn lọ́yà lórí sálúbàtà. Ó ní òun àti adájọ́ jọ ń jẹun ni, pé kí oúnjẹ ọ̀sán tó tó, ọmọ ti délé. Ìyá Aránṣọ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀.

"Ẹ jọ ń jẹun ni, àbí ẹ̀yin lẹ ń fọ àwo?"

Ọkùnrin náà bú wọn títí wọ́n fi kọjá ìta. Ìyá Aránṣọ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ìyá Alágbàfọ̀ ò gbọ́ ẹ̀rín.  Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti pín, níbi tí ó ti máa ń yà gba ẹ̀yìn ilé ìwé, ó dúró. Ó dúró pẹ́.  Ó bọ́ bàtà, ó gbé bàtà náà dání, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ òpópónà tí ó ti búra pé òun ò ní tẹ̀ mọ́.

Òkè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ìṣó àti irin ni ọ́fíìsì Túwọnsílẹ̀ wà. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ń han bí ẹni tí inú ń run. Bẹ́ǹṣì kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí àwọn ìyá jókòó sí, kò sẹ́ni tó ń wo ẹnì kejì lójú. Nígbà tí ó kan Ìyá Alágbàfọ̀, ó wọlé, ó rí i pé ọkùnrin tí òun ti kórìíra láti ọdún gbọọrọ ti hu ewú, ó ti gbẹ, ọrùn ẹ̀wù funfun rẹ̀ ti pọ́n létí.

"Ẹ jókòó, Màmá," ló wí. "Ìyàwó káfíńtà ni yín." Kò díbọ́n.

Obìnrin náà ní ọ̀rọ̀ ọmọ òun ni, wọ́n ní ó jalè. Lọ́yà ò béèrè bóyá ọmọ náà jalè. Ohun tó béèrè ni, "Ta ló ti bẹ̀bẹ̀?"

Ìyá Alágbàfọ̀ rò pé òun ló yẹ kó bẹ. Ó ti tẹ orúnkún kan, ọkùnrin náà dì í mú nígùnpá.

"Kì í ṣe èmi. Lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Ta ló kúnlẹ̀, ta ló dọ̀bálẹ̀, kí ni wọ́n sọ?"

Ó rò ó fún un, àní ó fi ìyangàn díẹ̀ sọ bí Bàbá Aláago ti fi àyà lélẹ̀, bí ọmọ òun, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, ti lọ nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Túwọnsílẹ̀ gbé gègé sílẹ̀. Ó dijú.

"Màmá, ẹ ti fi ẹnu ara yín ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ yín."

Ó ṣàlàyé. Ó ní nínú ilé, ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ lẹ́ni tó ń wá àlàáfíà. Nínú ìwé ọlọ́pàá, ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ lẹ́ni tó ṣe é. Ó ní ìdajì àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta yẹn, ẹ̀bẹ̀ ló gbé wọn wá.  Ìyá Alágbàfọ̀ ní báwo làwọn ṣe máa dúró gbagidi níwájú aláṣẹ, káwọn máa wò wọ́n lójú? Lọ́yà ní òun mọ̀, ìyá tòun náà ìbá ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà ni obìnrin náà hú ọ̀rọ̀ àtijọ́ jáde.

"Kí n tó fi ọmọ mi lé yín lọ́wọ́, ẹ sọ ohun kan fún mi. Awakọ̀ yẹn. Kí ló sọ fún yín? Ṣé ó rí ọkọ mi kó tó gbá a?"

Nísàlẹ̀, wọ́n ń da ìṣó sínú agolo. Ọkùnrin náà jẹ́ kí ariwo náà rọlẹ̀.

"N kò lè sọ fún yín, Màmá."

"Awakọ̀ náà gan-an ti kú."

"Bó ti kú náà ni. Ohun tó sọ fún mi, èmi àti ẹ̀ la jọ máa wọ ilẹ̀."

Ìyá Alágbàfọ̀ dìde.  Ọwọ́ rẹ̀ ti kan ilẹ̀kùn nígbà tí ọkùnrin náà tún sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò gbóhùn sókè.

"Ohun tí ọmọ yín bá sọ fún mi náà, ibẹ̀ náà ló máa wà. Bí mo bá tú tẹni àná fún yín lónìí, kí lẹ rò pé mo máa ṣe ti ọmọ yín lọ́la?"

Ó dúró níbẹ̀, ó kọjú sí pátákó ilẹ̀kùn. Ìbínú ọdún gbọọrọ yẹn ò kúrò nínú rẹ̀, irọ́ ni ẹni tó bá ní ó kúrò. Àmọ́ ẹnu tó pa dé mọ́ ọn yẹn gan-an ni ẹnu tí ọmọ rẹ̀ nílò. Ó yí padà, ó jókòó.

Lọ́yà lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Òun àti Jẹ́jẹ́ nìkan ni wọ́n jọ wọ yàrá. Ìyá Alágbàfọ̀ dúró síta pẹ̀lú aṣọ mímọ́ tó dì wá. Nígbà tí ọkùnrin náà jáde, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn bí ẹni tí wọ́n gbá lórí. Ó fi áńkáṣíìfù nu ojú, ó tún un nù. Obìnrin náà bi í pé kí lọmọ òun sọ. Ó mi orí. Ó wá béèrè pé bàbá tó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ yẹn, kí ló jẹ́ sí ọmọ náà?

"Bàbá rẹ̀ ni," ni Ìyá Alágbàfọ̀ dáhùn.

"Ó ti yé mi," ni lọ́yà wí, ó sì dìde.

Ní gbogbo àkókò yìí, Bàbá Aláago ò lọ wo Jẹ́jẹ́ lẹ́wọ̀n rí. Ó ní orúnkún òun ni. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé fún un á tutù níwájú rẹ̀. Ó ń ṣe aago oníaago, ó ń já irin kéékèèké sílẹ̀, ó ń wá a kiri lórí ìkúnlẹ̀. Àánú rẹ̀ ń ṣe Ìyá Alágbàfọ̀ ju ti ara rẹ̀ lọ. Ó ní ìfẹ́ ọmọ ló ń pa á.

Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé. Ọ̀gá ọlọ́pàá wà níbi ìjẹ́rìí, bàtà rẹ̀ ń dán. Túwọnsílẹ̀ dìde pẹ̀lú ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ tó pọ́n. Ó béèrè bóyá wọ́n rí wúrà kankan lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́ tàbí nínú ilé rẹ̀. Rárá. Ṣé ẹnikẹ́ni rí i nítòsí ṣọ́ọ̀bù náà? Rárá. Ṣé ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jalè? Ọ̀gá ní kò sọ bẹ́ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ ni, ó ní kí wọ́n má bínú.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ti dọ̀bálẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni rí?"

Ó ní ẹni tí kò bá tíì dọ̀bálẹ̀ rí, a jẹ́ pé kò nílé. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

"Èyí tẹ́ ẹ ṣe gbẹ̀yìn, kí lẹ ṣe fún ẹni náà?"

"N kò ṣe é ní nǹkan kan. Àbúrò mi ló bá àna rẹ̀ jà. Mo lọ bẹ̀ wọ́n ni."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi?"

"Rárá o. Èmi ni àgbà ibẹ̀."

"Ó tán, Olúwa mi," ni Túwọnsílẹ̀ wí, ó sì jókòó.

Adájọ́ tẹ orí mọ́lẹ̀, ó ń wá nǹkan nínú ìwé iwájú rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí ó gbójú sókè, ó ní bí wọ́n bá yọ ẹ̀bẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun ò rí ohun tó kù. Ó ní kí Jẹ́jẹ́ máa lọ sílé. Ìyá Aránṣọ bọ́ gèlè, ó fi ń fẹ́ gbogbo ẹni tó wà nítòsí.   Lẹ́yìn pátápátá nínú kóòtù, Bàbá Aláago ń sunkún. Ẹkún ayọ̀ ní ibi tó máa ń dé dúró, èyí ò dúró. Wọ́n fi omi fún un, ó ń sunkún sínú omi.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá Alágbàfọ̀ ló ń fọ ọrùn ẹ̀wù Túwọnsílẹ̀. Ó ń tẹ òpópónà rẹ̀ tààrà, bàtà lẹ́sẹ̀. Kò tún bi í léèrè nípa awakọ̀ mọ́. Jẹ́jẹ́ padà sábẹ́ agbòòrùn rẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé aago gíga tó wà nínú yàrá Bàbá Aláago, tó máa ń ró gbọ̀ngbọ̀n dé ìta, ti dákẹ́ láti ìgbà ọ̀ràn náà. Ìyá Aránṣọ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú u. Ó ní ilé oníṣègùn ló ń ṣàìsàn. Bàbá á ní òun á tún un ṣe tóun bá ráyè. Ọdún ń gorí ọdún, kò ráyè.

Àìsàn ló wá fún un láyè. Ó dùbúlẹ̀, kò dìde mọ́. Ní ọjọ́ kan, Ìyá Alágbàfọ̀ ń fi aṣọ tútù nu àyà rẹ̀, bàbá náà sì ní kó ṣí aago. Obìnrin náà rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó wa, ṣí i. Wo ìdí irin tó máa ń fì yẹn."

Ó ṣí i. Ó na ọwọ́ wọ inú eruku, ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan tútù tó há mọ́ irin náà. Ó fà á jáde. Ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà ni, tínrín, ó ti tẹ̀ níbì kan. Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti rí i lọ́wọ́ ìyàwó Bàbá Aláago láìmọye ìgbà, ọwọ́ náà nínú ọṣẹ, tó ń bá a fún aṣọ. Irin inú aago tó ti bọ́ nínú ìdè fì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró.

Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ń dánu dúró mí. Oníwúrà ló rà á nígbà àìsàn ìyàwó òun. Ọdún dé, ọdún lọ, ó wà nínú gíláàsì, òun máa ń kọjá kí i. Ọjọ́ kan, Oníwúrà pe òun kóun wá tún aago ṣọ́ọ̀bù ṣe, ó sì ń sọ fún ẹnì kan pé òun fẹ́ yọ́ àwọn èyí tí kò tà. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì.

"Ọṣẹ tí mo tọrọ lọ́wọ́ rẹ," ló wí. "Òun ni mo tẹ̀ ẹ́ mọ́."

Ìyá Alágbàfọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. 

Ó ní ẹ̀gbà náà nìkan lòun mú. Ọwọ́ òun ń gbọ̀n, òun ò lè ti ilẹ̀kùn padà. Àwọn tó wọlé kó ìyókù, òun ò mọ̀ wọ́n títí dòní. Nígbà tóun dé àgọ́, òun wá fẹnu ara òun sọ pé òun ni kí wọ́n mú.

"Mo sọ ọ́, ìyàwó wa. Gbogbo yín lẹ gbọ́. Wọ́n ní gbogbo òbí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù sì bà mí láti tún un sọ."

Ìyá Alágbàfọ̀ ń wò ó.  Bẹ́ẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ wọlé, ó gbé omi gbígbóná wá. Ó rí aago tó ṣí sílẹ̀. Ó rí ẹ̀gbà tó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kò béèrè pé kí nìyẹn. Ó gbé omi sílẹ̀, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀kùn tó tì, ó wo ojú rẹ̀.

"O mọ̀," ló wí.

"Èmi ni mo gé e, Màmá. Bàbá gbé ọṣẹ wá bá mi, wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oníbàárà kan ni. N kò gé ti ọṣẹ fún ẹlòmíràn rí."

"Lọ́yà ńkọ́?"

"Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní táwọn bá dárúkọ ẹni tó gbé ọṣẹ wá, mo ti délé lọ́jọ́ náà. Mo ní kí wọ́n má dárúkọ."

"O jókòó sẹ́wọ̀n."

"Ṣé kí n wá dìde dúró, Màmá, kí n máa nàka sí Bàbá nílẹ̀ níbi tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ sí?"

Bẹ́ẹ̀dì ń dún. Bàbá Aláago ti na ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó ń gbé èkejì. Wọ́n fẹ́ dá a dúró, ó gbọ̀n wọ́n dànù pẹ̀lú agbára tí kò yẹ kó ní. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fi àyà lélẹ̀, ó fi iwájú orí kan sìmẹ́ńtì níwájú obìnrin náà àti ọmọ rẹ̀, bó ti ṣe lọ́jọ́ yẹn gan-an.  Ìyá Alágbàfọ̀ ń sọ fún un pé kó dìde, pé ó ti tó, pé ta ló ń bá a jà. Jẹ́jẹ́ ò sọ pé kó dìde. Ó bọ́ bàtà, ó na ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èjìká kan èjìká.

Wọ́n pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ na ọwọ́ sí àwọn méjèèjì, ó ní ó tó báyìí, ẹ dìde. Jẹ́jẹ́ nìkan ló dìde.